Àgbọ̀n Tó Wà Lábẹ́ Irùngbọ̀n Bàbá

Gbogbo wa nílé la mọ irùngbọ̀n Bàbá, àmọ́ kò sẹ́nì kan nínú wa tó mọ àgbọ̀n rẹ̀. Bàbá tó bí màmá mi ni mò ń wí, Alfa Sàlmánù tó ń ta fìlà àti láwàní l'Ọ́jà-Ọba, tó fi wá sílẹ̀ lásìkò òjò tó kọjá yìí. Ilé rẹ̀ ní Gàmbàrí ni wọ́n ti tọ́ èmi àti ẹ̀gbọ́n mi Lúkúmáànù dàgbà. Irùngbọ̀n náà ti wà lójú rẹ̀ kí wọ́n tó bí màmá wa. Ó funfun, ó kún, ó balẹ̀ dé àyà, tí Bàbá bá sì ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, òun lèèyàn ń kọ́kọ́ rí. Nígbà tí mo kéré, mo rò pé wọ́n bí i mọ́ ọn ni, bí wọ́n ṣe bí imú mọ́ èèyàn. Ọjọ́ tí mo gbọ́ pé ńṣe ló hù, pé ìgbà kan wà tí ojú Bàbá ń dán láìsí nǹkan kan lórí ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà dà mí láàmú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ mọ ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀.

"Bàbá, kí ló wà lábẹ́ irùngbọ̀n yín?"

"Àgbọ̀n ni."

"Irú àgbọ̀n wo?"

"Lọ bi Ìyá yín. Òun nìkan ló kù láyé tó rí i kí n tó bò ó."

Màá sáré lọ bá Ìyá, ìyàwó rẹ̀ tó bí màmá mi. Ìyá yóò fi ìborùn bo ẹnu, yóò rẹ́rìn-ín títí èjìká rẹ̀ yóò fi máa gbọ̀n, kò sì ní sọ fún mi. "Ohun tí mo rí, èmi ni mo rí i," ló máa ń wí.

Kí n má fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ní ìgbẹ̀yìn ayé Bàbá, iyè Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá. Ó gbàgbé nǹkan, ó gbàgbé èèyàn, nígbà tó yá, kò dá ọkọ rẹ̀ mọ̀ mọ́. Bàbá, ẹni tó ti kìlọ̀ fún gbogbo ọ̀dọ́ Ìlọrin pé kí wọ́n má fi abẹ kan irùngbọ̀n, dìde lọ́jọ́ kan, ó lọ fá tirẹ̀ kanlẹ̀, bóyá obìnrin tó rí àgbọ̀n yẹn nígbà èwe yóò tibẹ̀ mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ tó ti kú ni mo ti ń rò ó. Irú èèyàn wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ohun tí mò ń wá nínú ìwé yìí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bó ṣe ń tọ́jú ẹ̀, torí ẹni tí kò bá rí ìtọ́jú yẹn kò ní mọ ohun tó gé dànù. Láràárọ̀, tí oòrùn bá ti yọ, Bàbá yóò jókòó sórí àga gbọọrọ tó wà lọ́ọ̀dẹ̀. Yóò fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́, yóò fi aṣọ tẹ omi ara rẹ̀. Kì í fi aṣọ ra á, ó ní irun tí wọ́n bá ń ra bí ẹní ń fọ ìkòkò, fífọ́ ló máa ń fọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò mú òrí, kò ní ju hóró àgbàdo kan lọ, yóò fi ọwọ́ méjèèjì yọ́ ọ. Awọ tó wà nísàlẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fi pa kó tó kan irun fúnra rẹ̀. Òòyà rẹ̀, igi ni. Ìsàlẹ̀ irùngbọ̀n ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í yà á, níbi tó ti tẹ́ẹ́rẹ́, yóò wá máa gòkè díẹ̀díẹ̀, kó má baà fa èyí tó bá ta kókó tu. Mo bi í pé kí ló dé tí kì í bẹ̀rẹ̀ lókè bí àwa obìnrin tó ń kánjú ṣe ń ṣe. Ó ní, "Ẹni tó bá ti òkè bẹ̀rẹ̀, gbogbo kókó ló ń kó lọ sí ojú kan ṣoṣo."

Irun orí ètè ńkọ́? Ìyẹn kò gbọdọ̀ gùn rárá. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni yóò mú àlùmọ́gàjí kékeré, tí yóò gé e kó má baà kan ẹnu. Tó bá fẹ́ mu fùrá tí wọ́n fi wàrà pò, ọwọ́ òsì ni yóò fi kó irùngbọ̀n jọ mọ́ àyà, tí yóò fi ọ̀tún gbé igbá, kò sì sí ẹ̀kán wàrà kan tó lè bà sí i. Èmi a máa wò ó, mo ń dúró pé kó ṣèèṣì. Kò ṣèèṣì rí. Ó rí mi lọ́jọ́ kan tí mo tẹjú mọ́ ọn, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Irun kò gbọdọ̀ tọ́ ọbẹ̀ wò kí ẹnu tó tọ́ ọ wò."

Bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe sọ ọ́ di olùkọ́, èmi ò mọ̀. Wọ́n á wá ra fìlà, wọ́n á gbé e sórí, wọ́n á wo dígí, wọ́n á wá máa fọwọ́ pa àgbọ̀n ara wọn. Bàbá á ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ọ̀kan nínú wọn bi í lójú mi pé, "Bàbá, kí ni mo lè fi pa á kó yára hù?"

"Ṣé bàbá ẹ ní irùngbọ̀n?"

"Díẹ̀díẹ̀ báyìí ni, Bàbá."

"Ẹ̀gbọ́n màmá ẹ ńkọ́?"

"Tiyẹn kún."

"Lọ bẹ Ọlọ́run kó jẹ́ pé ilé ìyá ni tìẹ ti wá. Kò sóòróró tó lè bá ẹ yí ìdílé padà."

Ọ̀nà tó gbà ń kọ́ wọn kò le. Má fi abẹ kàn án títí yóò fi kún tó ohun tí èèyàn lè rí. Má máa fọwọ́ fà á nígbà tó o bá ń ronú. Má wo dígí láràárọ̀ bí ẹni tó ń wú iṣu wò bóyá ó ti ta. Tó bá ń yún ọ, fọ̀ ọ́, fi òrí pa á, má họ ọ́. Ibi yíyún yìí ni púpọ̀ nínú wọn ti ń sá. Wọ́n á fá a, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n á tún dé ibi tó ti ń yún wọn, wọ́n á tún fá a. Bàbá á mi orí. "Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń dé, tí wọ́n ń padà sílé," ló máa ń sọ nípa wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi Lúkúmáànù ni akẹ́kọ̀ọ́ tó fún un ní wàhálà jù. Ojú rẹ̀ ọ̀tún hu irun dáadáa, ojú òsì ní ibì kan tó pá kalẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ewúrẹ́ ló jẹ ibẹ̀. Ó fi àlùbọ́sà pa á, ilé ń rùn. Ó ra òróró oríṣiríṣi ní Táíwò Road, ó fi pa á títí awọ ojú rẹ̀ fi sú. Bàbá ní kó fi ibi tó pá sílẹ̀, kó jẹ́ kí irun tó wà lókè rẹ̀ gùn kó bò ó. Lúkúmáànù fara dà á fún ìgbà díẹ̀, ó sì ń dára bọ̀. Àmọ́ nígbà tí ìsoyìgì rẹ̀ ku ọ̀la, ó jáde nílé ìwẹ̀, ó rí i pé irùngbọ̀n gùn sí ẹ̀gbẹ́ kan, ló bá mú àlùmọ́gàjí, ó rẹ́ ẹ. Ó wò ó, ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹ ò rí i nígbà tó gbẹ! Gbogbo rẹ̀ sún kì, ọ̀tún ga ju òsì lọ, ibi tó pá náà sì tún là sílẹ̀ gbayawu. Ó wá bá Bàbá pẹ̀lú tówẹ̀lì lọ́rùn, ojú rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sunkún. Bàbá rẹ́rìn-ín títí tó fi ń wúkọ́. Ó mú un jókòó, ó fara balẹ̀ bá a tún un ṣe títí tó fi dọ́gba. Ó ní, "Irun tútù, irọ́ ló ń pa. Jẹ́ kó gbẹ, yóò bá ẹ sòótọ́."

Ẹ má rò pé ẹni jẹ́jẹ́ ni lójoojúmọ́ o. Bàbá lè jà. Ẹni tó ń bá jà jù ni Ọ̀gá Sámúẹ́lì, onígbàjámọ̀ kan láti Ọ̀mù-Àrán tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Táíwò Road. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n, ọjọ́ ọdún Iléyá ni Bàbá ń fi ẹran ránṣẹ́ sí i, ọjọ́ Kérésì ni òun náà ń fi ìrẹsì ránṣẹ́ sí wa. Ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ ni ibi tí irùngbọ̀n ti parí lọ́rùn. Ọ̀gá Sámúẹ́lì máa ń fi kílípà gbé e gòkè dé egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, torí ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń fẹ́ nìyẹn. Bàbá ní òkè gògóńgò díẹ̀ ló yẹ kó dúró sí.

"Sámúẹ́lì, o tún ti gé ọmọ yìí lórí!"

"Bàbá Alfa, òun ló ní kí n ṣe é bẹ́ẹ̀."

"Tó bá ní kó o gé etí òun ńkọ́? Wò ó, tó bá rẹ́rìn-ín, àgbọ̀n á di méjì."

"Ayé ti yí padà, Bàbá."

"Ayé lè yí padà. Ọrùn ò tíì kúrò níbi tí Ọlọ́run fi í sí."

Wọ́n lè fa èyí títí àlàásárì. Bí Bàbá bá délé, á máa kùn sí i pé ọmọ Ọ̀mù-Àrán yẹn máa ba gbogbo Ìlọrin jẹ́. Ṣùgbọ́n tí ẹlòmíràn bá bá a kùn, inú á bí i. "Ọwọ́ ẹ̀ dára," á ní. "Etí ni ò ní."

Bí ọ̀rọ̀ Ìyá ṣe bẹ̀rẹ̀, kò jọ nǹkan gidi. Ó fi iyọ̀ sọ́bẹ̀, ó tún fi sí i. Ó ń fi orúkọ màmá mi pè mí, a sì ń rẹ́rìn-ín sí i, torí pé mo jọ màmá mi. Nígbà tó yá, ó ń bèèrè àwọn tó ti kú tipẹ́. A mú un lọ sí ọsibítù, wọ́n ní ọjọ́ orí ni, wọ́n fún un lóògùn, wọ́n sì ní ká máa mú sùúrù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá bu fùrá sínú igbá, ó gbé e wọlé fún un bó ṣe máa ń ṣe. Ìyá fa ìborùn bo ojú, ó yíjú sí ògiri, ó pe màmá mi.

"Sàfúrá, ta ni alfa yìí? Ẹ sọ fún un kó jáde. Ọkọ mi ò sí nílé."

Èmi náà wà níbẹ̀. Màmá mi ní, "Ìyá, Bàbá rèé. Ọkọ yín rèé."

"Súbúhánàllàhì! Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ mi ládùúgbò ni? Ọkọ mi ò ní irùngbọ̀n. Ẹ bá mi pe Alfa Kékeré."

Bàbá rọra gbé igbá sílẹ̀, ó jáde. A ò mọ ẹni tó ń jẹ́ Alfa Kékeré. Òun ló ṣàlàyé fún wa lọ́ọ̀dẹ̀, kò wojú wa. Nígbà tí wọ́n gbé Ìyá wá sílé ọkọ, bàbá Bàbá ṣì wà láyé, òun ni Alfa Àgbà, nítorí náà, Alfa Kékeré ni ìyàwó tuntun ń pe ọkọ rẹ̀. Irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù nígbà náà. Orúkọ yẹn ti parẹ́ nígbà tí wọ́n bí màmá mi, tó di Bàbá Sàfúrá.

Láti ọjọ́ yẹn, tó bá ti wọlé, Ìyá á bo ojú. Ó ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ mi, kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹn ló ń dùn mí jù, pé ìwà rere rẹ̀ ló fi ń lé e jáde. Ó ń pa ara rẹ̀ mọ́ de ọkọ, ọkọ rẹ̀ náà ló sì ń fi ara pa mọ́ fún. Bàbá wá ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń gbọ́ ohùn rẹ̀ látìta. Kò ya irùngbọ̀n mọ́ láàárọ̀. Mo lọ mú òrí wá fún un, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní, "Kí ni màá fi pa fún? Irun yìí ló tì mí mọ́ta."

Ó wá di ọjọ́ kan, ó ní kí n bá òun pe kẹ̀kẹ́. Ó di Táíwò Road. Ọ̀gá Sámúẹ́lì rí wa, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rò pé ìjà ló dé. Bàbá jókòó sórí àga rẹ̀, èyí tí kò jókòó sí rí.

"Fá a."

"Kí ni kí n fá, Bàbá Alfa?"

"Gbogbo ẹ̀."

Ẹ̀rín kúrò lójú ọkùnrin náà. "Bàbá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi. Wọ́n á ní Kìrìsìtẹ́nì ló fá irùngbọ̀n alfa. Ibo ni màá gbé ojú mi sí ní Gàmbàrí?"

"Èmi fúnra mi ni màá sọ fún wọn. Ìyàwó mi ń wá mi, Sámúẹ́lì. Mo wà nílé, ó ń wá mi."

Ọ̀gá Sámúẹ́lì lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ó ti ilẹ̀kùn. Àlùmọ́gàjí ló kọ́kọ́ fi gé e, ó ń kó èyí tó bá gé lé ìnujú Bàbá lórí itan, torí Bàbá ní òun máa lọ rì í mọ́lẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ni kílípà, lẹ́yìn náà ni abẹ. Èmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí. Màá sọ òtítọ́, bí àánú rẹ̀ ṣe ń ṣe mí tó yẹn náà ni mo ń na ọrùn, torí ohun tí mo ti ń bèèrè láti kékeré ló ń yọ bọ̀ níwájú mi. Àgbọ̀n náà kéré. Ó mọ́lẹ̀ ju ojú rẹ̀ yòókù lọ, ihò kékeré kan sì wà láàárín rẹ̀. Mo gbé ọwọ́ kan tèmi. Ihò yẹn ló wà níbẹ̀, èyí tí gbogbo ilé ti máa ń bi ara wọn pé ibo ni mo ti rí i. Omi bọ́ lójú mi, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Bàbá wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó wò ó pẹ́, ó wá kí àgbọ̀n náà. Ó ní, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

Nígbà tá a délé, kò tètè wọlé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá Ìyá, ó ń tún fìlà dé, ó tún ń ṣí i. Mo wá rí i pé ẹ̀rù ń bà á. Tí Ìyá kò bá tún mọ̀ ọ́n, kò sí nǹkan kan mọ́ tó lè bọ́ sílẹ̀. Ó ní sàlámù àlékùn, ó wọlé. Ìyá gbé ojú sókè. Kò fa ìborùn. Ó wò ó, ó wò ó.

"Alfa Kékeré," ó ní, "ẹ mà pẹ́ o. Alfa kan wà tó máa ń wá jókòó síbí nígbà tẹ́ ò sí."

"Mo ti lé e lọ, Háwáù."

"Ẹ ṣeun." Ó tún ní, "Oníwà pẹ̀lẹ́ ni ṣá."

Bàbá fún un ní fùrá, ó sì mu ún lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá mi jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé lọ sunkún, èmi náà tẹ̀ lé e.

Ọ̀rọ̀ kò pẹ́ di ti mọ́sáláṣí. Àwọn kan ní alfa ti ju Súnà nù, àwọn kan ní orí rẹ̀ ti dàrú. Bàbá kò bá wọn jiyàn. Ó dìde lẹ́yìn ìrun àìlà, ó ní òun ti tọrọ àforíjìn lọ́dọ̀ Ọlọ́run, òun yóò sì tún jẹ́ kó hù. "Irùngbọ̀n á padà," ó ní. "Iyè ìyàwó mi ni n ò mọ̀ bóyá á padà."

Ó sì jẹ́ kó hù lóòótọ́. Ẹ̀rù bà wá nílé. Màmá mi sọ fún un pé, "Bàbá, tó bá tún kún, Ìyá á tún lé yín jáde." Bàbá ní ìyẹn nígbà tó jẹ́ pé irùngbọ̀n tó ti kún tán ló bá a lójijì. Ó gbé àga rẹ̀ kúrò lọ́ọ̀dẹ̀, ó gbé e síwájú Ìyá, ibẹ̀ ló wá ń jókòó sí láràárọ̀. Ó di ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ó ń yún un bó ṣe ń yún àwọn ọmọ tó ń kọ́. Ibì kan tilẹ̀ pá lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, Lúkúmáànù rí i, ó ní, "Bàbá, ewúrẹ́ ti dé ọ̀dọ̀ yín náà?" Bàbá rẹ́rìn-ín. Òrí kò tún sí lọ́wọ́ ara rẹ̀ mọ́, ọwọ́ Ìyá ló ń fi í sí. Ìyá á fi pa á, á fi àtẹ́lẹwọ́ wò ó bó ṣe rí.

"Ó ń hù o, Alfa Kékeré."

"Ó ń hù, Háwáù."

N kò ní sọ pé iyè Ìyá padà. Kò padà. Àwọn ọjọ́ kan wà tó kàn ń wo Bàbá lásán, tí kò pè é ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n kò bo ojú mọ́, kò sì lé e jáde mọ́. Bí irùngbọ̀n ṣe ń gùn, bẹ́ẹ̀ ló ń bá a lọ, títí tí àwa tó ń bẹ̀rù fi gbàgbé ẹ̀rù.

Bàbá kú lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń kán. Àìsàn náà kò pẹ́. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n fi aṣọ funfun wé e, wọ́n fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ kí àwa ọmọ lè rí i kí wọ́n tó gbé e lọ kírun sí i lára. Ọ̀rọ̀ wá ku ti Ìyá. Àwọn kan ní ká má dà á láàmú, kí ló fẹ́ mọ̀? Màmá mi ní òun kò ní jẹ́ kí wọ́n gbé ọkọ kọjá níwájú ìyàwó láìdágbére. A dì í mú lọ́tùn-ún lósì, a mú un dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé àgbọ̀n Bàbá, ó rọra ń fi ìka ya irun náà. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ìyàwó àbúrò Bàbá, tí àánú ń ṣe, gbá a mú léjìká, ó ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Alfa kan tó wá kí wa ni, ó ti sùn."

Ìyá kò gbé ọwọ́ kúrò.

"Alfa wo?" ó ní. "Ọkọ mi ni. Ìṣojú mi ni irùngbọ̀n yìí ṣe hù."